Máàkì Kọ́ Ló Yẹ Kí Bàbá Kọ́kọ́ Béèrè

Sí Olóòtú,

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkà ló ń mú kí bàbá le koko mọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní abúlé Ṣáínà. Lójú tiwa, ìbẹ̀rù ni, pàápàá ìbẹ̀rù zhongkao, ìdánwò àṣewọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà.

Òfin ọdún 1986 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 di dandan níbẹ̀. Ní ìparí rẹ̀, tí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 15, zhongkao ni yóò pín wọn: àwọn kan á gba ọ̀nà yunifásítì, àwọn mìíràn á lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ bàbá ló ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, bíi ìpínlẹ̀ Guangdong ní gúúsù, tí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, torí hukou, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìdílé tó so ènìyàn mọ́ ìlú rẹ̀, kì í jẹ́ kó rọrùn láti mú ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nílùú ńlá. Àkókò ọdún tuntun wọn ni bàbá ń wálé, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Kò tíì jókòó dáadáa tó ti béèrè máàkì. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń pa ẹnu dé, bàbá á sì pè é ní àfojúdi!

Kí bàbá mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí yóò máa pe ọmọ náà lórí fóònù, kó béèrè oorun, oúnjẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ná. Olùkọ́ kíláàsì ni kó bi ní ọ̀rọ̀ máàkì. Tó bá di lílù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2016 ti ka ìwà ipá nínú ilé léèwọ̀. Ọmọ náà lè pe 12338, nọ́ńbà ẹgbẹ́ àwọn obìnrin.