Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ewì ní Amẹ́ríkà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni èmi náà fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni bí ẹ ṣe ń fi ewì Walt Whitman, akéwì Amẹ́ríkà tó máa ń yin ara rẹ̀ nínú ewì, lé ọmọ lọ́wọ́, tí ẹ ó ní kó kọ nípa ara rẹ̀. Ọmọ á ní òun lágbára, òun yóò dé òkè. Ta ni kò lè kọ ìyẹn? Ẹ kọ́kọ́ fi àwòrán Whitman tó wà níwájú ìwé ewì rẹ̀, Leaves of Grass ti 1855, hàn wọ́n: kò wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó fọwọ́ kan lé ìbàdí, ó ki ìkejì bọ àpò. Kò tiẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tó fẹ́ ká fi ìrísí mọ òun, kì í ṣe orúkọ, nìyẹn o!

Nínú ewì kan tí Whitman kọ nípa Amẹ́ríkà, káfíńtà ń kọrin, bíríkìlà ń kọrin, aránbàtà náà ń kọ tiẹ̀. Langston Hughes, akéwì aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wá fi ewì tirẹ̀ fèsì. Ó ní òun náà ń kọrin Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìdáná ni wọ́n ń lé òun lọ jẹun bí àlejò bá dé. Kò pariwo pé ìyà ń jẹ òun. Ilé ìdáná yẹn ti sọ ọ́.

Ẹ ka méjèèjì sí wọn létí, kí ẹ wá bi wọ́n pé: ohùn ta ni ẹ kò gbọ́ níbẹ̀? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú arúgbó, kó má kọ "mo fẹ́ràn ìyá mi". Kó kọ bàtà tí ìyá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí, àti òórùn ọṣẹ tó bá a wọlé.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì yín lè tijú láti yin ara rẹ̀ bíi Whitman. Kò burú. Nílé wa, ẹlòmíràn ló ń fi oríkì kì wá. Ẹ ní kó kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá àgbà rẹ̀ ló ń kì í láàárọ̀; ewì tirẹ̀ náà ṣì ni.

Ẹ má sì fi dandan lé e pé kí gbogbo wọn dìde kà á. Emily Dickinson, akéwì obìnrin ní Amẹ́ríkà, kọ ewì tó sún mọ́ 1,800, díẹ̀ bíi mẹ́wàá péré ló jáde lójú ayé rẹ̀, kò sì forúkọ sí wọn.

Ní ti máàkì, ẹ fi gègé pupa yẹn sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fàlà sábẹ́ ìlà tó dùn jù, ẹ dá ìwé padà, kí ọmọ tún un kọ lọ́sẹ̀ kejì. Whitman ń tún Leaves of Grass kan ṣoṣo yẹn ṣe títí ikú fi dé ní 1892.

Èmi ni,
Bàbá yín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì