Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí katapílà ńlá láti Jos kò fi ní dé mọ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Kabba, Iyara, Mopa, Isanlu àti gbogbo ilẹ̀ Okun, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú sùúrù.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà ti dé etí mi, pé a gba owó àsansílẹ̀ lórí katapílà ńlá, a sì ti ná an. Irọ́ ni. Owó yín wà ní báńkì, ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ yóò gbà á.

Gbogbo yín lẹ mọ ilẹ̀ wa, àpáta lókè, kùkùté nísàlẹ̀. D6, katapílà kékeré tí a ní, ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká kùkùté ìrókò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kó máa bá dọ́là figa gbága lọ́jà, katapílà tuntun ti kọjá agbára irú wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń wá ògbólógbòó, èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, tí mẹkáníìkì wa lè tú palẹ̀ kó sì tò ó padà. D8H kan, katapílà tó tóbi ju D6 lọ, la rí ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran láyé àwọn òyìnbó.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì ńlá rẹ̀. Ó hó, ó dákẹ́, ó tún hó, kí ńlá tó gbà á. Èéfín dúdú yọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó mọ́, sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ń dún dọ́gba. A fa irin ìwọn ọ́ìlì yọ, omi kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ṣéènì irin tó fi ń rìn, ni mo bẹ̀rù jù, nítorí ibẹ̀ ni owó àtúnṣe katapílà ń wọlé sí. Pín àti búṣì ṣéènì rẹ̀ ti jẹ lápá kan, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ṣeé yí kí apá tí kò jẹ wá síwájú. Ẹ̀rọ náà dára. Iye tí ẹni tó ni ín ń pè kò burú. Ọkàn mi ti gbà á.

Lóbẹ́ẹ̀dì, ọkọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi ń gbé katapílà, ló bà á jẹ́. Katapílà yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù 20 lọ. Bíléèdì iwájú rẹ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tú u kí ọkọ̀ mìíràn gbé e, a sì gbọ́dọ̀ háyà kérénì lọ́hùn-ún àti níhìn-ín. Ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ dá iye kan fún mi, a jọ gbà á. Nígbà tó yá ó ní dísẹ̀lì ti lé, ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo léwu, ó ní òun yóò padà lófìfo, kí n san ìyẹn náà. A kò tíì dé Akwanga nínú ìṣirò yẹn o, ká tó sọ Abuja, ká tó sọ afárá Jamata, ká tó sọ àwọn tó ń dáni dúró lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ọ̀nà náà, títì kọnkéré Obajana sí Kabba, kìlómítà 43, nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Owó gbígbé wá ju owó katapílà fúnra rẹ̀ lọ! Ó dùn mí wọra. Mo bẹ ọlọ́kọ̀ náà bí ẹni ń bẹ àna, kò dá mi lóhùn.

Àwọn kan ní kí a wà á wá. Ẹ jọ̀ọ́, irin ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò hú títì ìjọba, kò sì lè sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 10 ní wákàtí kan. Kó tó dé, ẹsẹ̀ tí mo yìn yẹn ti tán.

Nítorí náà, a kò rà á. Tí mo bá rà á ní iye yẹn, orí yín náà ni owó náà yóò bọ́ sí, ẹ ó sì tún bínú sí mi.

D6 yóò máa wá sí oko yín bí orúkọ yín ṣe tẹ̀léra nínú ìwé. Àwọn kùkùté ńlá, a ó máa walẹ̀ yí wọn ká, a ó gé gbòǹgbò wọn, kí D6 tó tì wọ́n. Láti oṣù tó ń bọ̀, owó wákàtí kan yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i nítorí dísẹ̀lì. Kò kan àwọn tó ti sanwó.

Èmi yìí ni mo la ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko tí ọkọ̀ ń gbà kó kaṣú àti gàárì yín jáde lónìí. N kò ní sá fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó rẹ̀ kó mú rìsíìtì wá sí ọ́fíìsì wa ní Kabba, láàárọ̀, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé fún D6 kó fi ránṣẹ́ sí wa kí òjò tó dé.

Tiyín ní tòótọ́,
Alákòóso