Àkànní, Ìgbà Wo Lo Fẹ́ Kí Àlejò Gbọ́?

Òmù-Àrán

Àkànní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì méjèèjì di búlúù, o ò fèsì. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ẹni tí mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ mọ ilé rẹ ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin, mo sì ní kó má fi í lé ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti Àjàsẹ́ Ìpo ní Sátidé. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi gbé fóònù wọn lé mi lọ́wọ́. Àwòrán rẹ ni mo rí, èyí tí o wọ fìlà aláwọ̀ ewé níbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ajẹgbèsè ni ọ́, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́ kó sọ fún ọ kó o wá san owó tó o yá. Wọ́n ní ápù tó ń yáni lówó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹni ni wọ́n máa ń kó, tí wọ́n á sì máa dójú tini lọ́dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo ní oníjìbìtì kan ló jí àwòrán rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, wọ́n mu omi wọn, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ṣé lóòótọ́ ni o yá owó, Àkànní?

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O máa ní nítorí ilé àlejò ni, pé àwọn yàrá ṣófo, pé ó di dandan kí o polówó. Àbíkẹ́yìn ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní o sọ fún òun pé owó Facebook lo ń wá. Mo ní kó fi ìpolówó náà hàn mí. Ó dára, mi ò ní purọ́. Bẹ́ẹ̀dì mọ́, omi ń jáde ní ṣáwà, bàbá rẹ ì bá yọ̀ tí wọ́n bá rí bí yàrá mẹ́fà tí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ṣe rí nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n ìlú wo lo ní kí Facebook fi í hàn? Òmù-Àrán! Èwo nínú àwa tí a ní ilé ní Òmù-Àrán ló máa sanwó sùn ní Òmù-Àrán? Àfi ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ lé síta, ìyẹn kì í sì í wo Facebook kó tó wá kan ilẹ̀kùn.

Ìgbà wo lo sì gbé e jáde? Ọ̀sẹ̀ tí kò sí àlejò kankan, tí owó epo jẹnẹrétọ̀ ti tán lọ́wọ́ wa. Ohun tí mo rí nìyẹn nínú gbogbo ìpolówó rẹ. Ìgbà tí ebi bá ń pa ilé wa lo máa ń kígbe, àlejò kò sì mọ ìgbà tí ebi ń pa wá. Ìgbà tirẹ̀ ló mọ̀.

O dàgbà sínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ, kò yẹ kí n máa kọ́ ọ nírú èyí. Ẹni tó fẹ́ wọ léèsì lọ́jọ́ ọdún kì í wá rà á lọ́jọ́ ọdún, nítorí télọ̀. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, télọ̀ a ti sọ pé òun ò gba iṣẹ́ mọ́. Ìgbà tí télọ̀ ṣì ń gba iṣẹ́ ni mo máa ń na aṣọ síta. Àlejò náà ní télọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń ti London bọ̀ wá ṣe Kérésìmesì, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kò ní jẹ́ kó dúró di oṣù kejìlá. Láti oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá, ó ti ń ṣírò. Àsìkò yẹn náà ló ń bi ara rẹ̀ pé ibo lòun máa sùn, torí ó mọ̀ pé ilé bàbá òun máa kún, ìyàwó òun kò sì ní gbà láti sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ìgbà yẹn ló yẹ kó rí yàrá wa. Ìwọ dúró di ìgbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la. Àbíkẹ́yìn tún ṣàlàyé fún mi pé bíi gbàǹjo ni wọ́n ń ta ojú àwọn èèyàn lórí Facebook, pé lóṣù kejìlá gbogbo ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń du ojú kan náà, owó rẹ̀ sì máa ń gun òkè. Ìgbà tó wọ́n jù lo lọ rà á, nígbà tí kò wúlò mọ́. Owó ta ni?

Ti Iléyá ló tilẹ̀ dùn mí jù. Lọ́dún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 6 ni. Ìwọ kàn wo ìwé tí o kọ lọ́dún tó ṣáájú, o tẹ̀ lé déètì ibẹ̀. Kí ìpolówó rẹ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó, wọ́n ti wálé, wọ́n ti jẹ ẹran wọn, wọ́n ti padà. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n ń kà, ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ṣíwájú. Ààfáà ni bàbá tó bí mi lọ́mọ, o jókòó lórí ẹsẹ̀ wọn nígbà tó o wà ní kékeré, ṣé ó yẹ kí ìyẹn ṣì ọ́ lọ́wọ́? Ọdún Àjíǹde náà kì í dúró lójú kan, ìyẹn á ti yé ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ewúrẹ́ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Òrùlé yàrá kẹrin ń jò, káfíńtà ní òun ń bọ̀, o mọ káfíńtà. Èsì WAEC àbíkẹ́yìn jáde, ó gbìyànjú. Ó ń bi mí pé ṣé o máa lè ràn án lọ́wọ́ bí iléèwé bá gbà á, mo ní kó ní sùúrù.

Yunifásítì Landmark ti wà nílùú yìí láti ọdún 2011, o sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Òbí tó ń kó ẹrù ọmọ wọlé, tàbí tó wá bá ọmọ ṣe ìgboyèjáde, kì í ṣe ará ibí. Àwọn iléèwé máa ń sọ ọjọ́ tí wọ́n á wọlé kó tó di ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ́ ni kí o polówó, kí o sì ní kí wọ́n fi í hàn ní Èkó, ní Àbújá, níbi tí àwọn òbí yẹn wà. Àwọn tó ń wá wo ère òkúta ní Èsìẹ́ náà ń bẹ. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà nìyẹn, ọdún 1945 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn iléèwé sì máa ń kó ọmọ wá, olùkọ́ á wá ibi sùn. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, ti omi Òwù tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ìgbà òjò ni kí o máa polówó rẹ̀. O gbé àwòrán omi tó ń ru gùdù síta nígbà ọyẹ́, ọkùnrin kan ti Ìbàdàn wá, ó dé ibẹ̀, omi kò ju kí ó máa ṣàn wẹ́rẹ́ lára àpáta lọ. Èmi ló dà gbogbo ìbínú rẹ̀ lé lórí. Mo ní láti se iyán fún un.

Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, òkú ló ń bọ́ ilé wa jù. Òkú àti ìgbéyàwó. Ta ló kọ́kọ́ ń mọ ọjọ́ wọn? Ẹni tó ń tẹ káàdì ìpè. Mo ti lọ bá ọmọkùnrin tó ń tẹ ìwé nítòsí ọjà, mo fún un lówó omi, ó sì ń sọ fún mi. Bí ó bá ti sọ, nọ́ńbà ọmọ olóòkú ní Èkó ni mò ń wá, mo máa bá a kẹ́dùn ná, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo máa fi àwòrán yàrá ránṣẹ́. Nǹkan tí o pè ní ìpolówó lórí ayélujára náà ni mo ṣe yẹn, kò sì ná mi ju dátà lọ. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp kì í ju wákàtí 24 lọ, kí ló dé tí o máa ń gbé e síta láàárọ̀ Sátidé nígbà tí àwọn tó ń bọ̀ ti wà lójú ọ̀nà? Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ ni kí o máa gbé e síta. Àbúrò bàbá rẹ tó wà ní New York náà ní òun kì í rí i. Agogo mẹ́jọ àárọ̀ wa nígbà ọyẹ́, agogo méjì òru ni lọ́dọ̀ wọn, bí wọ́n bá fi máa jí, ti ogún èèyàn mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀. Fífi ilé àlejò wa sórí máàpù Google náà kò gba kọ́bọ̀, ẹ̀rí ni wọ́n máa bèèrè, ó sì lè gba ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ọdún la máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní kí o lọ yá owó. Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Kí lo wá yá owó ṣe?

Mi ò jẹ́ kí àbíkẹ́yìn bá mi kọ lẹ́tà yìí nítorí ohun tó kàn. Ọdún tí o jókòó sílé lẹ́yìn tí iléèwé gíga fún ọ ní ìwé ìgbàwọlé, tí a ní owó oṣù bàbá rẹ kò tíì jáde, irọ́ ni. Owó jáde. Èmi ni mo lọ yá owó sógundógójì lọ́wọ́ obìnrin kan lọ́jà, torí mo rí i pé àwọn ẹgbẹ́ mi ń jèrè léèsì ọdún, èmi náà sì fẹ́ kó wọlé. Ọjà mi pẹ́ lọ́nà. Ìgbà tó dé, àwọn télọ̀ ti kọ iṣẹ́. Obìnrin náà máa ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀. Kì í bú mi, ó kàn máa jókòó ni, àwọn oníbàárà á rí i, wọ́n á yà síbòmíràn. Owó iléèwé rẹ ni mo kó fún un. Mo kúnlẹ̀ bẹ bàbá rẹ pé kí wọ́n má sọ fún ọ, wọn ò sì sọ títí wọ́n fi lọ. Níbi ìsìnkú wọn, mo gbọ́ nígbà tí o sọ fún ìyàwó rẹ pé bàbá rẹ kò náání ìwé rẹ rí. Mo gbọ́ ọ. Mo ń pín ẹran, mo ń pín in lọ.

Bàbá rẹ náání rẹ. Èmi ni.

Bí o bá fẹ́ bínú, bínú, ṣùgbọ́n gbé fóònù. Má yá ti ápù mìíràn láti fi san èyí. Má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun máa bá ọ pa orúkọ rẹ rẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀? Bí kò bá mọ̀, kó gbọ́ lẹ́nu rẹ kó tó rí i lórí fóònù ìyá rẹ̀. Ṣé ò ń jẹun?

Ìdílé kan gba yàrá mẹ́rin fún òkú bàbá wọn, wọ́n ti san ààbọ̀ owó, mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Èló ni o jẹ wọ́n, pẹ̀lú èlé rẹ̀? Kọ iye náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ òní. Má kọ àlàyé sí i.

Èmi ni ìyá rẹ.