Ohun Tí A Ń Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Aísáyà 29:13 ni mo ń kà lọ́sẹ̀ yìí, níbi tí Olúwa ti ń ṣàròyé nípa àwọn tó ń fi ètè bu ọlá fún un nígbà tí ọkàn wọn jìnnà réré sí i, ni ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Lawrence Douglas Wilder ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà. Ẹrú ni bàbá àti ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Ó jagun ní Kòríà, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Bronze Star fún ìgboyà, ṣùgbọ́n nígbà tó darí dé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, Yunifásítì Howard ní Washington ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní 1959. Ó padà sílé ṣe lọ́yà, ó di sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, ó di igbákejì gómìnà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ó du ipò gómìnà. Bí àwọn ènìyàn ti ń dìbò tán tí wọ́n ń jáde, àwọn oníwàádìí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n dìbò fún. Ìdáhùn wọn fi hàn pé Wilder yóò fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún borí. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, èyí tó fi ju Marshall Coleman, aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ du ipò náà, lọ kò tó 7,000 nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8, àfi ìgbà tí wọ́n tún un kà kí ọkàn tó balẹ̀. Títí dòní, orúkọ Wilder ni wọ́n fi ń pe irú àlàfo bẹ́ẹ̀, láàárín ohun tí olùdìbò fẹnu sọ nípa olùdíje aláwọ̀ dúdú àti ìbò tó dì gan-an.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn dìbò fún Coleman. Ohun tí kò yé mi ni irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fipá béèrè: kí ni àgbàlagbà ń wá lójú àlejò tó mú gègé dání, tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀?

Ibi tí mo ti ń dá wọn lẹ́jọ́ lọ́wọ́ ni mo ti rántí ara mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìsìn wa, màmá kan bi mí bóyá mò ń rántí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn nínú àdúrà. Kíá ni mo dáhùn pé, “Lójoojúmọ́ ni, Mà.” N kò tíì dárúkọ ọmọ náà lórí eékún rí. Mo ti lọ sọ òtítọ́ fún màmá náà nílé wọn.