Ẹ yé ní ká da omi sójú irin

Olóòtú,

Ọ̀kun o. Wẹ́dà ni mí níhìn-ín ní Kàbà, ó ti lé ní 20 ọdún. Ẹ bá mi bẹ àwọn oníbàárà wa kí wọ́n yé kán wa lójú.

Bàbá kan gbé ẹsẹ̀ ìtúlẹ̀ tirakítọ̀ wá láti Ìyámoyè nígbà òjò. Sípíríǹgì tírélà ni wọ́n fi rọ ọ́. Mo jó o, ó dán, mo tiẹ̀ ń yangàn. Bàbá ní ọkọ̀ ń dúró de òun, ni ọmọ iṣẹ́ mi bá bu omi lé e. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n gbé e padà. Ojú ibi tí mo jó kò ṣe nǹkan kan o! Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò tó fífẹ̀ ìka kan, ló ti ṣẹ́ péú bí àwo. Mo dá owó padà.

Irin tó bá gbóná kọjá nǹkan bí 727°C, bíi ti ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tí a jó, inú rẹ̀ á tún ara rẹ̀ tò, kábọ̀nù (irú èròjà tó wà nínú èédú) á yòrò sínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Bó bá tutù díẹ̀díẹ̀, kábọ̀nù á ráyè yà sọ́tọ̀. Bó bá tutù lójijì, á há síbẹ̀, irin á le, kò sì ní lè tẹ̀ mọ́. Irin wíńdò kò ní kábọ̀nù púpọ̀, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára. Sípíríǹgì ní kábọ̀nù tó nǹkan bí 0.6 nínú 100. Irin tó nípọn tiẹ̀ lè fa ooru yẹn mu kíá, láìsí omi rárá. Bí ẹlẹ́tíróòdù, ọ̀pá tí a fi ń jó irin, bá tún lọ́rinrin, háídrójìn, gáàsì tó ń jáde láti ara omi yẹn, á wọ inú irin, ìyẹn ló ń jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tó là.

Àwọn ẹnjiníà ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí irin ṣe máa le tó kí wọ́n tó tan iná. Èmi, gíráńdà tí a fi ń lọ irin ni mo fi ń kàn án: bí iná rẹ̀ bá ta gbọọrọ, kábọ̀nù kéré, bó bá fọ́ yẹ́tuyẹ̀tu bí ìràwọ̀, ìjọ̀gbọ̀n dé nìyẹn. Màá fi fáìlì ha ojú kan kó dán, màá gbé e sórí iná èédú. Ojú yẹn á kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko gbígbẹ, lẹ́yìn náà á dú bí aró. Ó ti tó 300°C nìyẹn. Màá wá fi ẹlẹ́tíróòdù tí mo ti yan gbẹ jó o, màá sì bò ó sínú eérú kó lè tutù díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí mo tún jó fún bàbá náà sun inú eérú mọ́jú. Ó bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun ni. Ọdún kejì rèé tó ti ń fi túlẹ̀.

Èmi ni,
Wẹ́dà kan ní Kàbà.