Hubert de Burgh ló lọ wá atẹ́gùn náà

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ogun ojú omi tí wọ́n jà ní Sandwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1217, inú mi sì dùn pé ẹ rántí rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ẹ ti sọ pé atẹ́gùn ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun dùn mí, nítorí ó gba iṣẹ́ ọwọ́ Hubert de Burgh, ẹni tó ṣáájú ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, mọ́ ọn lọ́wọ́.

Louis, ọmọ ọba Faransé, ló ń du adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Ọba Henry Kẹta, ọmọ ọdún 9, lọ́wọ́. Eustace, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé tẹ́lẹ̀ tó ti di ajalèlókun, ló ń tu ọkọ̀ àwọn ọmọ-ogun tó ń bọ̀ wá ran Louis lọ́wọ́ lọ sí ẹnu odò Thames. Hubert kò dojú kọ wọ́n. Ńṣe ló tu ọkọ̀ kọjá lára wọn bí ẹni tó ń lọ sí Calais, ìlú kan létí òkun Faransé, tí Eustace fi rò pé ìlú yẹn ló fẹ́ lọ kó lẹ́rù. Nígbà tí atẹ́gùn wá bọ́ sẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tán, wọ́n yí bìrí, wọ́n fi ìwọ̀ kọ́ ọkọ̀ ọ̀tá, wọ́n sì da ẹfun sísun tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sínú atẹ́gùn, ó sì ń ta sí àwọn Faransé lójú títí wọn kò fi ríran mọ́. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ti wọ́ Eustace jáde níbi tó sá pa mọ́ sí, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí bó tilẹ̀ fi owó ńlá bẹ̀ wọ́n. Kò pé oṣù kan tí Louis fi gbà láti padà sílé.

Ẹ má sì gbàgbé Dover, ìlú etí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Hubert yìí kan náà ló fi àáké kọ́rí pé òun kò ní fi ilé olódi ibẹ̀ sílẹ̀ fún Louis lọ́dún 1216, kódà nígbà tí ilé ìṣọ́ kan lẹ́nu géètì wó, igi ni àwọn èèyàn rẹ̀ tò dí ojú ihò náà.

Lọ́dún 1232, Henry tó gbà là yìí ló ní kí wọ́n mú un. Matthew Paris, òpìtàn ìgbà náà, kọ ọ́ pé alágbẹ̀dẹ tí wọ́n pè láti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é kọ̀ jálẹ̀, ó ní ikú yá òun ju kí òun fi irin de ẹni tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àjèjì.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàtúnṣe gbólóhùn yẹn nínú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn