Ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì alápapọ̀: inú ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni iṣẹ́ wà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ètò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì alápapọ̀ tí wọ́n ń fi odidi ọdún kọ́ àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni kò papọ̀ rárá. Wọ́n kàn gé físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì sí wẹ́wẹ́ ni, wọ́n wá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, táàmù kan fún èyí, táàmù kan fún tọ̀hún. Ọmọ tó bá kà á tán á mọ nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì ní mọ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ẹ̀kọ́ tó papọ̀ ni èyí tí ohun tí ọmọ kọ́ lánàá jẹ́ irinṣẹ́ fún ti òní. Ẹ wo ìbéèrè kan péré: níbo ni ìwọ̀n igi ti ń wá? Jan Baptist van Helmont, onímọ̀ kẹ́mísírì ayé àtijọ́ kan, gbin igi wílò tó tẹ̀wọ̀n páùnù 5 sínú erùpẹ̀ gbígbẹ páùnù 200, ó sì ń bomi rin ín fún ọdún 5. Nígbà tó tún un wọ̀n, igi ti di páùnù 169, erùpẹ̀ kò sì dín ju bí áúnsì 2 lọ. Ó ní omi ló di igi. Ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò pé, torí kò ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn: inú afẹ́fẹ́ ni kábọ́ọ̀nù tó di igi ti wá. Ẹ bi ọmọ tí kò tíì gbà pé afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n ní ìbéèrè kan náà, "inú ilẹ̀" ni yóò dáhùn, kódà bó bá ti há gbogbo ọ̀rọ̀ nípa bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ sórí. Ìdí nìyẹn tí èérún (àwọn ẹyọ kéékèèké tí gbogbo nǹkan fi ṣe) àti afẹ́fẹ́ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ewé, tí ewé sì gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹni tó ń jẹ ewé. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Ká ní ọ̀sẹ̀ 36 ni ọdún ẹ̀kọ́ ní. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí èérún, afẹ́fẹ́ àti bí nǹkan ṣe ń yí padà gba ọ̀sẹ̀ 8. Ooru, ipá àti iná mànàmáná, 8. Àwọn ohun abẹ̀mí, 9. Ilẹ̀, omi àti ojú ọ̀run, 7. Ọ̀sẹ̀ 4 yóò kù. Ẹ má kọ nǹkan kan sí wọn. Ẹ má sì kó wọn jọ sí ìparí ọdún, torí ìdánwò á gbé wọn mì. Kí ọ̀kan tẹ̀lé ìpín kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ fi tún ìwádìí tí kò yọrí sí ibi kan ṣe. Àwọn ètò kan a máa fi oṣù kan gbáko kọ́ wíwọn nǹkan nìkan kí ìwádìí gidi tó bẹ̀rẹ̀. A kò fara mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ọmọ bá nílò òṣùwọ̀n ni kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ìwádìí tó gbé ìpín àkọ́kọ́ dúró ni ti ìgò. Ẹ wá ìgò ike mílílítà 500 tí wọ́n fi ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń hó, nítorí ó nípọn, wọ́n sì ṣe é kó lè gba afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti inú. Ìgò omi lásán kò tó bẹ́ẹ̀, ìgò onígíláàsì kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ da fínígà mílílítà 20 sí i. Ẹ fi bébà ìnujú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé báíkìn sódà gíráàmù 1, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ìgò, ìdérí àti wíwé náà lé òṣùwọ̀n pa pọ̀, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ju wíwé náà sínú ìgò, ẹ dé e pinpin kíákíá. Nígbà tí híhó bá dáwọ́ dúró, ẹ tún un wọ̀n: kò yí padà. Ẹ wá rọra ṣí ìdérí, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tú jáde, ẹ fi ìdérí sí i padà, ẹ wọ̀n ọ́n. Á ti dín ní nǹkan bíi gíráàmù 0.4. Afẹ́fẹ́ tó jáde ló gbé e lọ.

Ibi mẹ́ta ni ìwádìí yìí ti ń bàjẹ́. Èkíní, òṣùwọ̀n tó ń ka odindi gíráàmù nìkan kò ní rí 0.4, ọmọ á sì parí èrò sí pé afẹ́fẹ́ kò ní ìwọ̀n, èyí tó jẹ́ òdìkejì ohun tí a ń wá. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 ló yẹ. Èkejì, ọ̀pọ̀ ìwé ní kí wọ́n lo ọ̀rá nylon tó ṣe é dí pa dípò ìgò. Ọ̀rá a máa wú. Lítà kọ̀ọ̀kan tó bá fi wú, afẹ́fẹ́ àyíká á gbé e sókè débi tí òṣùwọ̀n á fi ka nǹkan bíi gíráàmù 1.2 dín. Ọmọ tó ní ìwọ̀n ti dín nígbà yẹn kò ṣì í kà; ohun èlò ló ṣi olùkọ́ lọ́nà. Ẹ̀kẹta ni omi tó kán sára ìgò. Ẹ̀kán kan tó nǹkan bíi gíráàmù 0.05, ẹ̀kán mẹ́rin sì ti tó láti da ìṣirò rú. Ẹ nù ún gbẹ. Awò ìdáàbòbò ojú kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí.

Nínú ìpín ooru, ohun kan ni a ó mẹ́nu bà. Bí àwọn ọmọ bá ń wọn ìgbóná yìnyín tó ń yọ́, tí wọ́n sì ń rí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 3 tàbí 4 dípò òdo, wọn kò fọ́ yìnyín náà kúná tó ni, tàbí wọn kò rò ó, tàbí tẹmómítà ń kan ìdí ife.

Ìwádìí ewé la fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi sùúrù ṣe. Kí ewéko náà wà nínú òkùnkùn fún wákàtí 48, kí sítáàṣì, ìyẹn oúnjẹ tí ewé ṣe tó sì tọ́jú, lè tán nínú ewé rẹ̀. Ẹ fi bébà dúdú bo apá kan ewé náà lókè àti nísàlẹ̀; ẹni tó bá bo òkè nìkan á rí i pé ìmọ́lẹ̀ gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ọmọ tó lárọjinlẹ̀ á bèèrè bóyá afẹ́fẹ́ ni bébà dínà mọ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ìbéèrè tó dára gan-an ni, nítorí náà ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ewé mìíràn lọ́nà kan náà. Lẹ́yìn wákàtí 6 nínú oòrùn, ẹ já àwọn ewé náà, ẹ bọ̀ wọ́n nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ pa iná. Ẹ pa á pátápátá kí ẹ tó ṣí ìgò sípírítì, nítorí ìgbóná ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì 78 péré ni sípírítì ti ń hó, oru rẹ̀ sì ń gbaná. Ẹ fi ewé sínú ife sípírítì, ẹ gbé ife náà sínú omi gbígbóná títí àwọ̀ ewé á fi ṣí kúrò. Ewé á ti gan, á fẹ́ máa ṣẹ́; ẹ rì í bọ omi gbígbóná padà kó lè rọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun, ẹ kán áyódíìnì sí i. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kàn á di dúdú aláwọ̀ aró, torí sítáàṣì ló ń sọ áyódíìnì di bẹ́ẹ̀; ibi tí bébà bò á dúró ní àwọ̀ áyódíìnì. Ewé tó fẹ̀ tó sì rọ̀ ni kí ẹ mú. Irú ewé àlùbọ́sà kì í tọ́jú sítáàṣì, ṣúgà ló ń tọ́jú. Iṣẹ́ yìí kò lè parí nínú ìṣẹ́jú 40. Bí tábìlì àkókò kò bá fún sáyẹ́ǹsì ní ìṣẹ́jú 80 papọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, olùkọ́ á ṣe é lójú wọn ni, àwọn ọmọ á sì máa wòran.

Ohun tí àwọn aláètò máa ń gbàgbé jù ni pé àwọn ẹ̀kọ́ kan ń fẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Òṣùpá ń lo nǹkan bí ọjọ́ 29 àbọ̀ láti ìgbà tó bá kún títí yóò fi tún kún. Bí ètò bá fi òṣùpá sí ọ̀sẹ̀ 30, tí kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwòrán inú ìwé nìkan ni ọmọ á rí. Láti ọ̀sẹ̀ 2 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀, fún oṣù 2: ọjọ́, wákàtí, bó ṣe rí, apá ibi tó wà, àti ìkúùkù mélòó ló fi ga ju ilẹ̀ lọ, bí ọmọ bá na ọwọ́ rẹ̀ gbọọrọ. Ojoojúmọ́ ni òṣùpá ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i kó tó yọ, nítorí náà ẹni tó bá ń wá a ní ìrọ̀lẹ́ nìkan á pàdánù rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kún. Àárọ̀ ni kí wọ́n máa wò ó nígbà náà. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ da kàlẹ́ńdà kọ.

Àkọsílẹ̀ yẹn ló máa tú àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ká, pé òjìji ayé ló ń bo òṣùpá mọ́lẹ̀ tó fi ń dín lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì nírọ̀lẹ́, ọmọ á ti kọ ọ́ pé oòrùn ń wọ̀ nígbà tí òṣùpá ṣì wà lókè. Àwọn méjèèjì ló rí lẹ́ẹ̀kan náà. Òjìji ayé sì ń lọ sí òdìkejì oòrùn, kò lè débi tí òṣùpá wà. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló fi jiyàn, kì í ṣe ẹnu olùkọ́.

Ó ku ìdánwò. Bí ìbéèrè bá ṣì ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ á máa kọ́ wọn, ohun yòówù kí ètò wí. Kí ìbéèrè kan gba inú ìpín méjì tàbí mẹ́ta kọjá. Fún àpẹẹrẹ: igi gbígbẹ kílò 1 jóná tán, eérú tó kù kò tó gíráàmù 20, ibo ni ìyókù lọ, ibo ló sì ti wá tẹ́lẹ̀? Máàkì 2 fún ọmọ tó bá dárúkọ kábọ́ọ̀nù dàyọ́sáìdì àti omi tó di oru. Máàkì 2 fún ẹni tó bá so ó mọ́ ewé àti oòrùn. Máàkì 2 mìíràn fún ẹni tó bá rí i pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ wọ inú ìṣirò náà, tí ohun tó jáde fi wúwo ju kílò 1 lọ. Ọmọ tó bá kọ ọ́ pé iná ti jẹ igi náà run, kì í ṣe báyọ́lọ́jì ni kò yé e. Ẹ̀kọ́ ìgò ni olùkọ́ máa tún ṣe fún un, ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣófo sì wà fún un.

Àwa ni,
Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì